Ẹni Tó Wà Lápá Òsì

Fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀ ìyá mi ní Igbó-Ọrà, lókè àga tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí àfi àlejò. Ọmọkùnrin kékeré méjì ló wà nínú rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n wọ̀, ṣòkòtò péńpé kan náà, wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tábìlì kan tí òdòdó oníke wà lórí rẹ̀. Ìbejì ni wọ́n. Èyí tó wà lápá ọ̀tún ni èmi. Èyí tó wà lápá òsì ni èkejì mi, tó kú kí n tó ní ọpọlọ tí mo lè fi rántí rẹ̀.

N kò tiẹ̀ gbọdọ̀ sọ pé ó kú. Ní ilé wa, ìbejì kì í kú, ọjà ló ń lọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá ti béèrè rẹ̀, wọn a ní ó lọ sọ́jà. Èmi a ní ọjà wo, nítorí ọjà pọ̀ lọ́dọ̀ wa: ti Lanlate ń bẹ, ti Tápà ń bẹ, ti Èrúwà náà ń bẹ, kálukú ló sì ní ọjọ́ tí wọ́n ń ná an. Wọn kì í dá mi lóhùn. Mo wá pinnu nínú ara mi pé ti Tápà ni, nítorí lójú mi nígbà náà, Tápà ni òpin ayé. Ìyẹn ló jẹ́ kó yé mi ìdí tí kò fi tíì dé.

Ìyá mi kò dúró dè é kó dé kó tó máa fún un ní ohun tirẹ̀. Ohunkóhun tó bá fún mi, méjì ni: ẹyin méjì, ọsàn méjì, àkàrà méjì méjì. Mo máa ń jẹ tèmi, n óò dúró díẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀, n óò sì jẹ tirẹ̀. Àwọn tó ń béèrè ìdí tí mo fi sanra, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Yàtọ̀ sí oúnjẹ rẹ̀, fọ́tò yẹn nìkan ni mo ní nípa rẹ̀. Mo mọ ojú rẹ̀ ju bí mo ṣe mọ ojú àwọn ọmọ tí mo bí. Ó tẹrí sílẹ̀ díẹ̀. Ó ká ètè rẹ̀ sínú lápá kan, bí ẹni tí ẹ̀rín fẹ́ pa tí kò fẹ́ kí àgbàlagbà rí i. Èmi tí mo wà lápá ọ̀tún, mo dúró gbagidi, mo la ojú rangandan, bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbà pé nínú àwa méjèèjì, òun ló ní làákàyè. Kí n tó lọ ṣe ìdánwò, mo kọ́kọ́ wá dúró níwájú rẹ̀. Kí n tó gbéyàwó, mo wá. Nígbà tí iṣẹ́ kan wà fún mi ní Ìbàdàn, tí ti tíṣà sì wà ní Èrúwà, mo dúró níwájú ògiri yẹn títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, ó sì jọ lójú mi pé Èrúwà ló fara mọ́. Èrúwà náà ni mo wà dòní. N kì í sọ ọ́ fún ènìyàn. Tíṣà ni mí, ojú ń tì mí.

Ohun tó dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ Tápà. Ẹnì kan fi àwòrán ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù: ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo, ó gùn tó tírélà, àwọn ọkùnrin dúró lé e lórí, wọ́n gbé ọkọ́ léjìká. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé oko kan ní Tápà ni wọ́n ti wà á. Ará Ìbàràpá ni wá, ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ìyá mi ló fi ránṣẹ́ sí mi, ó sọ Máṣáálàhù sínú fóònù tẹ̀lé e. Kí n tó ráyè fèsì, àwọn aládùúgbò rẹ̀ méjì ti gun ọ̀kadà lọ wò ó. Nígbà tí wọ́n dé, eruku ti bò wọ́n dé ìpéǹpéjú, wọn kò sì rí ẹ̀gẹ́ kankan. Mo ní ọ̀rọ̀ parí. Rárá o. Wọ́n ní àwọn ló pẹ́ dé, pé wọ́n ti fi ṣe gàrí.

Ìyá mi gbà wọ́n gbọ́. “Gàrí yẹn á pọ̀ o,” ó ní.

Ní ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Èrúwà, ẹ̀gẹ́ náà ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ń béèrè ọ̀nà oko yẹn lọ́wọ́ ara wọn. Ọ̀gá wa wá ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, kí wọ́n tó wọ kíláàsì. Mo fi ògiri ìgboro bẹ̀rẹ̀. Lára ògiri Èrúwà, àwọn tó ń du ipò àti àwọn tó ti kú ni fọ́tò wọn pọ̀ jù. Àwọn méjèèjì ló ń dé fìlà, àwọn méjèèjì ló ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọ oore tí wọ́n ṣe sí abẹ́ wọn. Mo bi àwọn ọmọ pé báwo lèèyàn ṣe lè dá wọn mọ̀. Ọmọbìnrin kan ní òkú kì í ṣèlérí. Mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo pinnu pé ìyá mi gan-an ni n óò kọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, mo máa ń wọ mọ́tò láti Èrúwà lọ kí i. Mo wá sọ ìkíni di ẹ̀kọ́. Mo jókòó tì í lórí ẹní, mo ṣí ẹ̀gẹ́ náà síwájú rẹ̀.

“Màámi, ẹ wò ó. Ẹni tó ya àwòrán yìí, níbo lẹ rò pé ó dúró sí?”

“Nínú oko ni.”

“Ibo nínú oko?”

Ó wo fóònù, ó wò mí. “Tíṣà, mi ò sí níbẹ̀.”

Tíṣà ló ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí. Ìgbà mìíràn ó jẹ́ ìwúrí, ìgbà mìíràn ó jẹ́ èébú, ohùn rẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Mo mú sùúrù. Mo ní kó wo òjìji àwọn ọkùnrin náà, kó wò ó bóyá ibì kan náà ni gbogbo wọn ṣubú sí. Mo ní kó wo ìka ọwọ́ wọn. Mo ní kó wo ibi tí ẹ̀gẹ́ àti ilẹ̀ ti pàdé. Ó ń wò ó, ó ń gbé fóònù súnmọ́ ojú, ó ń gbé e jìnnà. Lójijì ló fi ìka tẹ ojú kan.

“Ọkùnrin yìí ni wọ́n tún gbé síbí.”

Mo wò ó. Òótọ́ ni. Ọkùnrin kan náà ló wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ àti ní ìparí rẹ̀, fìlà rẹ̀ tẹ̀ sí ibì kan náà, ṣòkòtò rẹ̀ ya níbì kan náà. N kò tíì rí i fúnra mi. Mo ṣe bí ẹni tó ti rí i tipẹ́.

Aṣọ ni ìyá mi ń tà nígbà tó ṣì ń pàtẹ lọ́jà, ẹni tó bá ti ta aṣọ mọ ojú ibi tí wọ́n ti gé e tí wọ́n rán an padà. Láti ọjọ́ yẹn, kò tún sí ohun tó ṣòro fún un nínú ẹ̀kọ́ náà. Ohun tó bá hàn lẹ́ẹ̀mejì nínú àwòrán kan, ó ti fura sí i. Ibi tí òdòdó aṣọ kò bá ti bá ara wọn mu, ó ti rí i. Mo wá fi èyí tó gbẹ̀yìn kún un, pé ohun kan ṣoṣo la ń ṣe sí ayédèrú àwòrán: a kì í fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ńṣe là ń pa á rẹ́. Mo fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ hàn án. Ó fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀.

Ìjà ló kù. Ẹgbẹ́ asalátù wọn ní gúrúùpù lórí Wọ́sáàpù, níbi tí wọ́n ti ń fi òdòdó kí ara wọn ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ìyá kan fi òdòdó ránṣẹ́, ìyá mi bi í pé oòrùn mélòó ló ń ràn nínú ọgbà náà. Òmíràn fi ọmọ ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́, ọmọ náà fara ti mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun. Ìyá mi ní òun rí òjìji mọ́tò, òun ò rí ti ọmọ. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́, ó di kó kọ́kọ́ wádìí bóyá ìyá mi ń sùn.

Ó wá kan ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti pẹ́ jù, tí wọ́n jọ ṣe ọmọge. Ìyá yẹn fi fọ́tò ara rẹ̀ ránṣẹ́, ó wọ aṣọ funfun, ó dúró níwájú Kábà ní Mẹ́kà. Ìyá mi kò fi bò. Ó sọ ọ́ sínú fóònù kí gbogbo ẹgbẹ́ lè gbọ́: “Ẹsẹ̀ ẹ ò kanlẹ̀.”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò bínú. Ó ní, “Ta ló sọ fún ẹ pé mo ti lọ? Ibi tí mò ń lọ ni mo ní kí wọ́n yà mí sí. Tí mo bá jí láràárọ̀, màá wò ó, màá ṣe àmín.”

Sátidé tó tẹ̀lé e, ìyá mi ro ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ó ń dà á láàmú. Mo dúró ní pálọ̀, mo kó ọwọ́ sẹ́yìn bí mo ṣe máa ń ṣe níwájú kíláàsì.

“Èyí ńkọ́, Tíṣà? Kò fi tan ẹnì kankan jẹ.”

“Màámi, ayédèrú ni ayédèrú. Tí wọ́n bá ti mú ohun méjì tí kò sí níbì kan náà, tí wọ́n so wọ́n pọ̀, irọ́ ni.”

“Tó bá ṣe pé àdúrà ni ńkọ́?”

“Kódà kó jẹ́ àdúrà.”

“Kí la wá ń ṣe sí i?”

“Ẹ pa á rẹ́.”

Ó mi orí. Ojú rẹ̀ gba orí mi kọjá lọ sára ògiri, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé aago ló ń wò. Mo tiẹ̀ sọ iye tó lù fún un.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo wọlé tí n kò rí fọ́tò wa.

Ìṣó rẹ̀ wà níbẹ̀. Lábẹ́ ìṣó náà, ojú ibi tó ti wà láti ìgbà ọmọdé mi mọ́ ju gbogbo ògiri lọ, ó mọ́ débi pé ó jọ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ibẹ̀ lọ́dà. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni olè, ṣùgbọ́n tẹlifíṣàn wà lórí tábìlì rẹ̀. Olè wo ni yóò wọlé, tí yóò fi tẹlifíṣàn sílẹ̀, tí yóò gbé èkejì mi lọ?

“Màámi, fọ́tò wa dà?”

Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbójú sókè. “Mo ti pa á rẹ́.”

“Ẹ ṣe kí ni?”

“Ti inú fóònù ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ti ara ògiri, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́. Mo bá dì í sínú ìborùn, mo gbé e sísàlẹ̀ àpótí.”

“Kí ló dé?”

“Ìwọ lo ní ká máa pa wọ́n rẹ́.”

Mo rò pé ọjọ́ orí ló ti dé. Ó ń ṣe àwọn àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, mo sì ti ń ro ẹni tí n óò pè lára àwọn àbúrò mi. Kí n tó rò ó tán, ó dìde, ó wọ yàrá, ó gbé fọ́tò náà jáde nínú ìborùn, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú mi. Ó fà sẹ́yìn. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

“Tíṣà,” ó ní, “kà á.”

Mo kà á bí mo ṣe ń kà á láti kékeré: ọmọ méjì, tábìlì kan, òdòdó oníke. Ó ní ìyẹn kọ́. Ó fi ìka sí ṣẹ́ẹ̀tì mi, ó ní kí n ka bọ́tìnì rẹ̀ látòkè. Èyí tó tẹ̀lé ti ọrùn kò sí níbẹ̀, òwú rẹ̀ ló kù tó yọ jáde. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ó fi ìka sí ti èkejì mi. Bọ́tìnì tó tẹ̀lé ti ọrùn kò sí níbẹ̀, òwú rẹ̀ ló kù tó yọ jáde. Èyí náà, mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Mo tiẹ̀ ti fi ṣe àpẹẹrẹ fún ènìyàn rí níbi ìkómọ, pé bí ìbejì ṣe máa ń ṣe nìyẹn, bọ́tìnì wọn pàápàá jọ ń já ni.

Ó gbé ìka rẹ̀ lọ sí àárín. Aṣọ eléwé kan ni onífọ́tò ta sẹ́yìn wa, ewé ńláńlá ló wà lára rẹ̀. Lókè tábìlì yẹn gan-an, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá láti òkè délẹ̀. Ewé tó bẹ̀rẹ̀ lápá òsì ìlà náà kò parí lápá ọ̀tún. Ìdajì ewé mìíràn ló wà níbẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń rí ìlà yẹn, mo sì ti gbà pé ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ aṣọ náà po ni.

“Àwòrán méjì ni,” mo ní.

“Ẹ̀n-ẹ́n,” ìyá mi ní.

Ọ̀rọ̀ tó kàn, mo mọ̀ ọ́n kí n tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì ń retí pé yóò já mi nírọ́. “Nínú àwa méjèèjì, ta ni wọ́n wá yà lẹ́ẹ̀mejì?”

Ó wò mí. Ó dà bíi pé ó ń dúró kí n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí n kò rẹ́rìn-ín, ó jókòó.

“Tíṣà. O ò mọ̀ ni?”

Ó wá sọ ọ́ fún mi. Ó ní èèyi ló kọ lu àwa méjèèjì, a kò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Èmi dìde, èkejì mi lọ sọ́jà. Ẹnikẹ́ni kò tíì yà á ní fọ́tò rí, ẹnikẹ́ni kò sì tíì ya èmi náà. Lẹ́yìn tó lọ tán, mo kọ oúnjẹ. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń jókòó sí látàárọ̀, mo ń wo ojú ọ̀nà ọjà, mo sì ń gbẹ lójú wọn. Ìyá bàbá mi ní kí wọ́n lọ gbẹ́ ère èkejì mi bí wọ́n ṣe ń ṣe látijọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ n óò tẹ̀ lé e lọ. Bàbá mi ní ère kò ní wọ ilé tí wọ́n ti ń kírun. Ìyá bàbá mi ní kó lọ fi ìrun wo ọmọ tó kù náà sàn. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, èmi sì wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Onífọ́tò ló làjà,” ìyá mi ní. “Ìlú ìbejì ni ìlú wa. Onífọ́tò tí ò bá mọ̀ ọ́n ṣe nígbà yẹn, á kógbá wọlé. Èyí tó bá kù ni wọ́n máa yà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á kó o wọ yàrá òkùnkùn wọn, wọ́n á so ó pọ̀. Bàbá ẹ ní fọ́tò kì í ṣe ère, òun fara mọ́ ọn. Ìyá àgbà ní òun rí ọmọ méjì, òun náà fara mọ́ ọn. Mo gbé e kọ́. Mo gbé ẹ dúró níwájú ẹ̀, mo ní òun rèé, ó ti dé. O wò ó, o ní kí n fún un lóúnjẹ. Mo bu méjì. O jẹ méjèèjì.”

Mo tún wo bọ́tìnì méjèèjì.

“Gbogbo ilé tọ́rọ̀ yìí kàn ló ní irú ẹ̀ lára ògiri,” ó ní. “Ta ni ò mọ̀?”

“Èmi.”

“Mo rò pé àwọn ará Èrúwà tó o lọ gbé lọ́dọ̀ wọn ti sọ fún ẹ. O wá di tíṣà. Mo ní tíṣà ò ní ṣàì mọ̀. Nígbà tó o wá ń tẹnu mọ́ ọn pé ohun tó bá hàn lẹ́ẹ̀mejì, pé ohun tí wọ́n bá so pọ̀, pé kódà kó jẹ́ àdúrà, mo ní ọmọ mi ń bọ̀wọ̀ fún mi ni. Kò fẹ́ là á mọ́lẹ̀ pé kí n gbé fọ́tò yẹn kúrò. Ó ń fi ẹ̀gẹ́ pa á lówe.”

Mo jókòó sórí àga àlejò. Inú bí mi, n kò sì mọ ẹni tí mo lè bínú sí, nítorí onífọ́tò ti kú, bàbá mi ti kú, ìyá àgbà ti kú, ìyá mi sì ti dàgbà ju ẹni tí à ń bínú sí lọ. Gbogbo ìgbà tí mo dúró níwájú ògiri yẹn, ara mi ni mò ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Ó wá yé mi ìdí tí ìmọ̀ràn rẹ̀ kì í fi í tako tèmi. Àwọn ìbejì mìíràn a máa bá ara wọn jiyàn. Èmi àti èkejì mi kò jiyàn rí.

Ó dùn mí o. N kò ní parọ́, ó dùn mí wọra. Ẹni tó ti kú láti ìgbà èwe mi tún kú lójú mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó sì kú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ní ti àkọ́kọ́, ó fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Nísinsìnyí kò sí ojú. Tí mo bá pàdé rẹ̀ ní ọjà Tápà, n kò ní dá a mọ̀. Mo sunkún. Èmi tí mo ti lé láàádọ́ta ọdún, tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń sá fún lójú títì, mo jókòó sórí àga àlejò mo ń sunkún. Ìyá mi bu omi wá fún mi, kọ́ọ̀bù méjì, bó ṣe máa ń ṣe. Mo mu ọ̀kan. N kò lè mu ìkejì.

Fọ́tò ṣì wà lórí tábìlì. Iṣẹ́ tíṣà kì í fi ènìyàn sílẹ̀. Nígbà tí ojú mi gbẹ díẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, mo ń wá ibi tí òjìji ṣubú sí, mo ń wo bàtà, mo ń wo orúnkún. Bàtà kan náà ni. Àpá kan náà wà lórúnkún kan náà, mo sì fọwọ́ kan orúnkún mi, àpá náà wà níbẹ̀. Mo wo ojú àwọn méjèèjì. Ibẹ̀ ni mo dúró sí.

“Màámi, tó bá jẹ́ pé èmi ni méjèèjì, kí ló dé tí ẹnu wa ò fi jọra?”

Ó ti padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Èyí tó wà lọ́tùn-ún dúró gbagidi,” mo ní. “Èyí tó wà lósì tẹrí sílẹ̀, ó ká ètè sínú. Onífọ́tò ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀ ni?”

“Kò sẹ́ni tó ní kó o ṣe nǹkan kan.”

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà. Nígbà tó máa sọ ọ́, ẹ̀wà ló ń bá sọ ọ́.

“Ọ̀tún ló kọ́kọ́ gbé ẹ dúró sí. O dúró bí òpó. Ó yà á. Ó wá ní kó o bọ́ sósì, ó ní ibẹ̀ ni ti ìkejì ẹ. O bọ́ síbẹ̀. Bó o ṣe dúró síbẹ̀ báyìí, o tẹrí sílẹ̀, o ká ètè sínú lápá kan. Bí ìkejì ẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Tí ẹ̀rín bá ti fẹ́ pa á, tí bàbá ẹ sì wà nítòsí, bó ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn. Mi ò kọ́ ẹ. Bàbá ẹ ò kọ́ ẹ. Bàbá ẹ rí i, ó jáde síta. Onífọ́tò wò mí. Mo ní kó yà á.”

Mo dìde, mo gbé fọ́tò náà, mo gun orí àga àlejò, mo gbé e kọ́ padà sórí ìṣó rẹ̀. Ó tẹ̀ sápá kan. Mo tún un tò, mo sọ̀kalẹ̀, mo wò ó látòkèèrè. Ọmọ tó wà lápá òsì ń mú ẹ̀rín rẹ̀ mọ́ra, bó ṣe ti ń ṣe láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Mo yíjú sí ìyá mi. Mo tẹrí sílẹ̀ díẹ̀, mo ká ètè mi sínú lápá kan.

“Ṣé bó ṣe ń ṣe nìyí?”

Ó gbé igbá ẹ̀wà sílẹ̀. Ó wò mí dáadáa, kò kánjú, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ.

“Rárá,” ó ní. “Tìẹ nìyẹn.”

Mo tún un ṣe. Mo tẹrí sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo yí ètè sápá kejì.

“Fi í sílẹ̀, ọmọ mi,” ó ní. “Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ló wà lára ògiri yẹn.”